Bí a ṣe ń da obì nílé láàárọ̀, láti orí àtẹ olóbì títí dé orí àwo

Obì àbàtà kan, omi tútù nínú igbá, àwo pẹrẹsẹ kan, àti ìbéèrè kan ṣoṣo. Ohun tí èèyàn nílò láti da obì nínú ilé ara rẹ̀ nìyẹn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbéèrè ló máa ń bàjẹ́ jù lọ. Obì lè dáa, omi lè mọ́, ìwúre lè gún régé. Bí ìbéèrè ò bá ti lórí, tí kò nídìí, ìdáhùn tó máa jáde ò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí ìbéèrè ju orí àwọn ìyókù lọ.

Ohun tí a kọ síbí kì í ṣe iṣẹ́ babaláwo. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ikin, tí babaláwo fi ń dífá, ní àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Kíka akọ àti abo awẹ́ obì pẹ̀lú, ẹsẹ̀ àgbà la ti ń kọ́ ọ, a ò ní fọwọ́ kàn án níbí. Èyí tí gbogbo ilé ń ṣe la fẹ́ sọ: kí ọmọ ilé jí, kó tu ilẹ̀ lójú, kó wúre, kó bi obì ní ọ̀rọ̀ kan, kó sì jáde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Rírà

Oríṣi obì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Gbànja, tí àwọn Hausa ń pè ní goro, awẹ́ méjì ló ní. Ẹ lè jẹ ẹ́, ẹ lè fi ṣe àlejò, ẹ lè gbé e lọ síbi ìdána, ṣùgbọ́n kì í ṣe dídà. Àbàtà ni kí ẹ bèèrè. Awẹ́ tirẹ̀ máa ń wà láàárín mẹ́ta sí mẹ́fà, aláwẹ́ mẹ́rin lẹ sì ń wá. Ní ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́, ẹ kàn sọ fún ìyá olóbì pé, "Ẹ bá mi ṣa aláwẹ́ mẹ́rin, mo fẹ́ fi wúre ni." Yóò yé e.

Síbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ yí obì náà po nínú ìmọ́lẹ̀: ìlà tó pààlà sáàárín awẹ́ kan àti èkejì máa ń hàn lára rẹ̀ láti òkè dé ìdí. Ẹ ka àwọn awẹ́ náà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ rọ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà, nítorí náà ihò tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́, tí ìyẹ̀fun díẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀, ti tó láti fi í sílẹ̀. Ẹ ra mẹ́ta fún ìgbà kan, torí ọ̀kan lè fọ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń pa á.

Àwọ̀ méjì ló wà, ifin tó funfun àti ipa tó pọ́n. Fún orí àti fún Ọbàtálá, ifin la máa ń mú. Fún ìwúre òwúrọ̀ lásán, èyí tí ẹ bá rí náà dára.

Títọ́jú

Ẹ wé e sínú ewé tútù, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ tò ó sínú agbọ̀n níbi tí oòrùn ò ti lè dé. Ẹ máa tú u wò ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ pààrọ̀ ewé tó bá ti gbẹ. Bí ẹ bá dì í pinpin sínú ọ̀rá, yóò làágùn, yóò sì bu. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀bá iná, yóò gbẹ, yóò súnkì, ìyẹn ló sì léwu jù fún ẹni tó fẹ́ dà á: awẹ́ tó ti súnkì ti wọ́ síbì kan, apá kan náà ni yóò máa fi balẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ lè rò pé obì ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan fún yín, kó sì jẹ́ pé kò ráyè yí ni.

Ìbéèrè

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé. Láàárọ̀, orí á ti kún fún owó ọkọ̀, ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé àti ìpè tó ń wọlé lórí fóònù. Ohun tó bá kọ́kọ́ wá sí ẹnu lèèyàn máa ń béèrè, kì í sì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

Obì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lè sọ pé ó ku díẹ̀, ó lè sọ pé ẹ rọra, ṣùgbọ́n kò lè yan ọ̀kan nínú méjì fún yín. Ẹ wo obìnrin kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ níwájú ilé, tí ẹnì kan wá fi ṣọ́ọ̀bù lọ̀ ọ́ ní Ọ̀wọ́dé. Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni: "Ṣé kí n gba ṣọ́ọ̀bù Ọ̀wọ́dé ni àbí kí n dúró síwájú ilé?" Obì yàn, ìyẹn ni pé ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èwo ló ní bẹ́ẹ̀ ni sí nínú méjèèjì? Kò sẹ́ni tó mọ̀. "Àbí" yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ó tún un kọ báyìí: "Bí mo bá san owó ọdún kan fún ṣọ́ọ̀bù Ọ̀wọ́dé nínú oṣù yìí, ṣé yóò san mí?" Ọ̀rọ̀ kan ni, ó ní àsìkò, ó sì jẹ́ ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti ṣe tàbí láti má ṣe.

Kókó ẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ọmọ yunifásítì LAUTECH kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá béèrè pé "Ṣé màá yege?" ti fi ọwọ́ lẹ́rán nìyẹn. Bí obì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò lọ sùn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkàn rẹ̀ á pòrúurùu, kò sì ní lè kàwé mọ́. Kí ó béèrè ohun tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn: "Ṣé kí n padà sílé lọ kàwé fún ọ̀sẹ̀ méjì yìí?" Ohun yòówù tí obì bá sọ, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún un láti ṣe.

Ẹ má fi "kò" bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. "Ṣé kò ní dáa kí n má lọ?" yóò dààmú yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ ka ìdáhùn. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè fún ẹlòmíì nínú ilé, kí ẹ ní kó sọ fún yín ohun tí bẹ́ẹ̀ ni túmọ̀ sí àti ohun tí bẹ́ẹ̀ kọ́ túmọ̀ sí. Bí kò bá lè sọ ọ́, ìbéèrè ò tíì pé.

Ohun méjì wà tí a ò gbọdọ̀ gbé ka iwájú obì. Èkínní ni àìsàn. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ lè wúre fún un lójú ọ̀nà. Èkejì ni "ta ló jí i" àti "ta ló ń ṣe mí". Awẹ́ mẹ́rin ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni, orúkọ tó bá jáde, inú ẹni tó ń béèrè ló ti wá, ó sì ti tú ọ̀pọ̀ agboolé ká.

Ìjókòó

Ẹ jí, ẹ yọ ẹnu, ẹ bọ́jú, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ pa fóònù. Ẹ jókòó sórí ẹní tàbí àpótí, kí ẹ gbé igbá omi síwájú, kí ẹ máa wo ojú omi náà. Ẹ fa èémí símú bí ẹ ṣe ń kà láti ení dé ẹẹ́rin, ẹ jẹ́ kó jáde bí ẹ ṣe ń kà láti ení dé ẹẹ́fà. Ìgbà 12 lẹ ó ṣe é. Bí ẹ ò bá kánjú kà á, ìṣẹ́jú méjì ni. Èrò á máa wá: gbèsè, iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àná. Ẹ má bá a jà. Ẹ kàn dá ojú padà sórí omi, kí ẹ sì máa ka èémí yín lọ.

Nígbà tí omi bá dúró, tí ẹ rí òjìji orí yín nínú rẹ̀ láìmì, ẹ ti lè fọwọ́ kan obì. Ẹni tó bá fo ìjókòó yìí dá, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń tú u fó: yóò ju obì dípò kó dà á, awẹ́ á sì fò lọ sábẹ́ àga.

Pípa obì

Ẹ fi omi ṣan obì, ẹ nù ún gbẹ. Èékánná lẹ ó fi ṣí ojú ìlà náà díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yí i po bí ẹ ṣe ń ṣí i. Ẹ má fi ọ̀bẹ la á, torí ọ̀bẹ kì í tẹ̀ lé ojú ìlà, yóò gé awẹ́ sí méjì. Bí awẹ́ kan bá kán, ẹ jẹ obì yẹn, kí ẹ mú òmíràn nínú mẹ́ta tí ẹ rà. Láàárín, níbi tí awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, ohun kékeré kan wà bí ọmọ irúgbìn. Ẹ fi èékánná yọ ọ́ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilẹ̀.

Ẹ wo awẹ́ kan dáadáa báyìí. Inú rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gẹ̀gẹ̀. Bí inú bá wà lókè, awẹ́ ṣí nìyẹn; bí ẹ̀yìn bá wà lókè, ó dé nìyẹn. Gbogbo kíkà obì dúró lórí ohun kan yìí. Bí ẹ bá ti pa á, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí atẹ́gùn máa ń sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ìwúre

Ẹ ta omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "Ilẹ̀ tútù o. Ilé tútù o. Ọ̀nà tútù o." Ẹ kí Olódùmarè, ẹ kí àwọn tó ti lọ nínú ìdílé yín, ẹ wá fi obì kan iwájú orí yín. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ jáde: "Obì rèé o. Obì ní í bi ikú, obì ní í bi àrùn. Ẹ bá mi bi ikú sẹ́yìn, ẹ bá mi bi àrùn sẹ́yìn."

Orúkọ ohun tó wà lọ́wọ́ ló ń gbé iṣẹ́ tí a rán an, torí náà ẹ mú ohun tó bá ọ̀rọ̀ yín mu. Orógbó ní í gbó ni sáyé, ti ẹ̀mí gígùn nìyẹn. Ataare kì í bí tirẹ̀ láàbọ̀, ti ọmọ àti ọjà tó kún ni. Omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, ẹnì kan kì í bá omi ṣọ̀tá: èyí fún ẹni tó ń lọ bá olówó ilé tàbí ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oyin fún ìpàdé tí ẹ fẹ́ kó dùn, ẹ̀kán kan lórí ahọ́n ti tó. Bó bá jẹ́ ataare, ọkùnrin á fi mẹ́sàn-án sẹ́nu, obìnrin á fi méje, ẹ ó sì rún un kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní òwúrọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ kan, ohun kan. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kì í rántí èwo ló kọ sínú ìwé lálẹ́ àná.

Dídà

Àwo tánńganran máa ń jẹ́ kí awẹ́ ta. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tín-ín-rín sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ dà á sórí ẹní. Sìmẹ́ńtì àti táìsì ń fọ́ ọ. Ẹ kó awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ ka ìbéèrè náà sókè lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ ọ́, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí yóò fi ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí àwo, kí ẹ wá ya ọwọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ló máa jábọ́, ẹ má tì í.

Bí awẹ́ kan bá fẹ̀gbẹ́ ti etí àwo, tàbí tó gun èkejì lẹ́yìn, tàbí tó bọ́ síta, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kó gbogbo rẹ̀, kó tún un dà. Àwọn àgbà ní ohun tí wọ́n ń kà nínú obì tó gun ara wọn, àmọ́ ìyẹn ṣì wà níwájú.

Méjì ṣí, méjì dé: obì yàn. Ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù nìyẹn, ẹ dúpẹ́, ẹ dìde, ẹ lọ ṣe é. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣí, àláàfíà la ń pè é; bẹ́ẹ̀ ni ni, ọ̀nà sì tutù. Mẹ́ta ṣí, ẹyọ kan dé: ó ku nǹkan kan. Ẹ lè bi í nípa ohun tó kù, bí ẹ bá ní ohun kan pàtó lọ́kàn: "Ṣé owó tí mo fẹ́ san ló pọ̀ jù?" Ẹyọ kan ṣí, mẹ́ta dé, Ọ̀kànràn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, tàbí ẹ má tíì ṣe é. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé, Ọ̀yẹ̀kú ni. Ẹ má béèrè ohunkóhun mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ta omi sílẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, ẹ gbé e tọ babaláwo lọ. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kà á o. Bí wọ́n bá ti kọ́ yín ní ti ilé yín, ti ilé yín ni kí ẹ dì mú. Ohun tó ń da kíkà rú ni kéèyàn máa mú díẹ̀ nílé yìí, kó mú díẹ̀ nílé tọ̀hún.

Ẹ̀yin tó máa ń dà á títí yóò fi yàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣírò èyí. Ọ̀nà 16 ni awẹ́ mẹ́rin lè gbà balẹ̀, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé. Nínú 16 yẹn, mẹ́fà jẹ́ méjì-méjì, mẹ́rin jẹ́ mẹ́ta ṣí, mẹ́rin jẹ́ ẹyọ kan ṣí, kí gbogbo rẹ̀ ṣí jẹ́ ọ̀nà kan péré, kí gbogbo rẹ̀ dé sì jẹ́ ọ̀nà kan péré. Bí ẹ bá wá da ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ẹ ó rí méjì-méjì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń tún un dà yóò rí ohun tó ń fẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kan la ń bi obì ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ síwájú, ẹ yí ìbéèrè padà, ẹ má sì kọjá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan.

Lẹ́yìn tó bá yàn

Ẹ ju awẹ́ kan sílẹ̀ fún ilẹ̀, ẹ pín ìyókù fún ará ilé, kí ẹ jẹ ẹ́. Káféènì wà nínú obì: ẹni tí kì í rí oorun sùn, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó fi kan ètè lásán. Omi tó kù nínú igbá, ẹ dà á sí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Ṣàngó yàtọ̀, a ò sì lè wà l'Ọ̀yọ́ ká fo ìyẹn. Ṣàngó kì í gba obì, orógbó ni tirẹ̀. Orógbó ò ní awẹ́ tí a lè fọwọ́ pín. Àwọn olóòṣà máa ń da owó ẹyọ 16 bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ tẹnu Ṣàngó. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń wá sí ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹjọ, pàápàá lẹ́yìn tí UNESCO ti fi ọdún náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà àjogúnbá rẹ̀ ní 2023. Bí ẹ bá wà nínú wọn, ẹ má gbé obì wọ ojúbọ.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ̀yin náà ò nílò ojoojúmọ́. Ẹ lè máa jókòó síwájú omi ní gbogbo òwúrọ̀, kí ẹ sì máa da obì ní ọrọọrún. Ọ̀sẹ̀ wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti Jàkúta. À ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ló fi ń jẹ́ ọrún. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí yóò fi padà bọ́ sí ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ẹ fi báírò yí wọn ká lórí kàlẹ́ńdà.

Nínú ìwé tí ẹ fi kọ ìbéèrè, ẹ kọ ọjọ́, ẹ ya awẹ́ mẹ́rin, èyí tó ṣí ní òfìfo, èyí tó dé ní dúdú, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ 28 bá pé, ìbéèrè méje ló máa wà níbẹ̀. Ẹ ka méjèèje, ẹ fa ìlà sábẹ́ èyíkéyìí tó ní "àbí" nínú, kí ẹ sì tún un kọ kí ẹ tó padà lọ bá ìyá olóbì.